Pijó Tí Ó Kọ Apá Ọ̀tún Sílẹ̀

Èmi, Johnson Ọláníran Fáníyì, ọmọ bíbí Ẹ̀gbẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, awọnlẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, olùgbé Tudun Wada ní Zaria láti ọdún 1949, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi là, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Lọ́yà ní kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kí n tó mú gègé, kí wọ́n má baà wí lẹ́yìn ọ̀la pé orí mi ti dàrú. Mo gbìyànjú. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí ìlà wọ́, ẹ̀rín ni, kì í ṣe àìsàn. Èyí tí mo kọ ní ọdún 1970, mo fagi lé e.

1. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Ọlábímpé, tíṣà ní Kano, ni mo yàn ṣe alábòójútó ìhágún yìí. Bímpé, mo mọ̀ pé Hausa yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọ níhìn-ín, bi ìyá rẹ.

2. Ilé mi oníyàrá mẹ́rin ní Tudun Wada, àti igi máńgòrò inú ọgbà rẹ̀, di ti ìyàwó mi, Mobọ́lá, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò di ti Bímpé. Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ẹ̀gbẹ̀, mo fẹ́ràn yín gan-an. Ẹ jókòó síbẹ̀.

3. Ọkọ̀ mi, Pijó 403 aláwọ̀ eérú tí mo rà ní ọdún 1961, di ti Mobọ́lá pátápátá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ yìí, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí apá òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. A bọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n sítíárìn tèmi dúró sí ibi tí ó wà. Mo wá di awakọ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀bá koríko. Bí lọ́rì bá wà níwájú mi, ìdí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mobọ́lá tí ó jókòó lápá òsì ni ó di ojú mi. Yóò yọ orí àti gèlè síta, yóò ké pé, “Ẹ dúró! Táńkà ń bọ̀!” tàbí, “Ó yá, Baba Bímpé, ẹ kọjá!” Ọdún márùn-ún ni ó fi ṣe é, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fi awò ìjọba wọn ilẹ̀. N kò rí awò tí ó dára tó o.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà bàjẹ́. Súpíríìn rẹ̀ rọ̀, táyà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo gbé e lọ bá Bẹ̀llò, mẹkáníìkì ọmọ Ìlọrin tí ó wà ní Kwangila. Mo ní, níwọ̀n ìgbà tí yóò tú iwájú ọkọ̀, kí ó kúkú gbé sítíárìn náà wá sí òsì. N kò sọ fún Mobọ́lá. Mo fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu ni.

Bẹ̀llò kò rí sítíárìn apá òsì. Ó mú ti àtijọ́, ó dà á dorí kodò, ọrùn rẹ̀ sì bọ́ sí òsì rẹ́gí. A yọ̀, a bọ ara wa lọ́wọ́. Àwa méjèèjì kò rántí pé ohun tí a bá dà dorí kodò, èrò inú rẹ̀ náà yóò yí padà. Lọ́rì ni ó gbé ọkọ̀ náà dé iwájú ilé mi. Bí mo ti kọ́kọ́ wà á níbẹ̀, mo yí i sí ọ̀tún láti wọ géètì. Ọkọ̀ yà sí òsì. Bẹ̀llò ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, “Haba, Baba! Ọ̀tún! Ọ̀tún!”

Mo ní, “Ọ̀tún náà ni mò ń yí i sí!”

Bí mo ti ń yí i tó ni ó ń ya òsì tó, títí tí a fi gba inú ọgbà aládùúgbò mi, Díákónì Adébánjọ, wọ ilé ẹtù rẹ̀. Ènìyàn kankan kò fara pa. Ẹtù mẹ́rin fò lọ sí orí páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n bá oníwàásù wàásù.

4. Nítorí náà, ẹtù mẹ́fà tí mò ń sìn di ti Díákónì Adébánjọ. Díákónì, ẹ̀yin ni ẹ sọ fún ìjọ pé mo mu ọtí lọ́jọ́ náà. Omi ni mo mu. N kò sì kí yín títí di ọdún Àjíǹde. Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Èmi náà ti forí jì yín, ṣùgbọ́n omi ni o.

5. Jáàkì mi, àpótí sípánà mi, àti ṣéènì tí mo fi ń wọnlẹ̀ di ti Bẹ̀llò.

Ìtìjú kò jẹ́ kí Bẹ̀llò jẹun fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹtù. Ní ọjọ́ kẹta ó sáré dé: ó ti rí 403 kan tí ó wá láti orílẹ̀-èdè Niger, tí lọ́rì olówùú tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, sítíárìn rẹ̀ sì wà ní òsì láti ọ̀run wá. A so ó rọ̀ mọ́ igi dongoyaro, a tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lódindi: súpíríìn, bíréèkì, sítíárìn, àti igi irin tí ó so gbogbo wọn pọ̀. A tú ti tèmi náà dànù, a sì gbé ti àlejò wọlé. Mo fi ṣéènì mi wọn àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyàtọ̀ ìka méjì ni. Mo ní kí ó tún un tú. Bẹ̀llò ní, “Wallahi, Baba, ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ o.” Mo ní ilẹ̀ tí a bá ṣì wọ̀n kì í pa ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tú u kí méjèèjì tó dọ́gba. Nígbà tí mo wà á jáde, ṣe ni ó ń lọ bí ẹni pé wọ́n da òróró sójú títì.

6. Mobọ́lá ni mo fi ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀ fún.

Mo ṣílẹ̀kùn apá ọ̀tún fún un, a sì forí lé ọ̀nà Samaru. Lọ́rì ẹlẹ́pà kan wà níwájú. Mobọ́lá na ọrùn. Koríko ni ó rí. Èmi ti rí ọ̀nà, mo ti kọjá. A padà délé. Ó wá ní, “Baba Bímpé, ọdún márùn-ún ni mo fi jẹ́ ojú yín. Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún mi kí ẹ tó lọ wá òmíràn.” Ní ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀ffà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jó ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ lẹ́tà, kò fèsì. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ọ̀ffà. Ó jáde síta, ọkọ̀ ni ó ń wò, kò wò mí. Ó ní, “Ta ni ó wo ọ̀nà fún yín?”

Mo ní, “Kò sẹ́nìkan. Láti Zaria dé ibí, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kọjá ni mò ń dúró de ohùn rẹ. Ẹ̀rù bà mí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún.”

Mo ní, “Ṣé o mọ ọkọ̀ wà ni?”

Ó ní, “Ìgbà tí a ń kọjá ni ó le jù níbẹ̀. Ta ni ó ń ṣe ìyẹn?”

Orí pápá bọ́ọ̀lù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwà. Lánàá, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó gba ìwé ìwakọ̀ ní Zaria. Nígbà tí ó ń wà mí bọ̀ láti Kwangila, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkà láì bi ẹnikẹ́ni. Mo ké, “Dúró!” Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi.” Láti àná ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

7. Lọ́yà ní ẹni tí a há nǹkan fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí náà Mobọ́lá àti Bẹ̀llò wà níta nínú ọkọ̀. Wọ́n ti fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. A ń lọ sí Kaduna, n kò sì mọ ohun tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ohun tó bá kù tí n kò dárúkọ, kí Bímpé pín in bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tún ti fun ún.

Mo fọwọ́ sí i ní Tudun Wada, Zaria, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ọdún 1977.

J. Ọláníran Fáníyì

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó rí i nígbà tí ó fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì jẹ́rìí pé ó jókòó jẹ́ẹ́ títí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ tán kí ó tó sáré jáde:
Grace Ìpàdéọlá, nọ́ọ̀sì, Tudun Wada
Wahab Láwàl, télọ̀, Sabon Gari