Bàbá Mi Kò Kú, Àwòrán Wọn Ni Mo Gbé Lọ sí Oǹdó

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́ níbí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ewu, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Mo kí Màámi, tó jẹ́ pé àwọn ló ń bá wa jíṣẹ́ láàárín ara wa báyìí. Mo kí Bùọ̀dá mi àtìyàwó wọn. Mo kí Rónkẹ́ ọmọ aládùúgbò wa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò tíì yọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pè yín tí ẹ kò gbé e. Màámi ní ẹ ní ẹ kò ní ohunkóhun láti bá ẹni tó sin yín láàyè sọ. Ó dáa. Mo sáà mọ̀ pé ní Ṣakí níbẹ̀, ẹ kì í pa jíjókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ jẹ lọ́sẹ̀, ẹ sì máa ń ka ìwé ìròyìn láti orí dé ìdí, títí kan ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí. Fóònù ṣeé pa, ìwé ìròyìn kò ṣeé pa.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká náà ni mo ṣì wà, nínú yàrá fáìlì, máṣíìnì kékeré mi sì ni mo ń gùn lọ síbẹ̀. Ọ̀gá mi ní obìnrin kì í gun máṣíìnì wá sí ọ́fíìsì ìjọba. Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi, ṣójà sì ni wọ́n. Eruku ọyẹ́ ti bẹ́ mi létè. Ọdún kẹfà tí mo ti wà níbí rèé, Bàbá, bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tẹlifíṣọ̀n ni mo ń kí ní ẹ kú ilé. Bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn èèyàn yẹn.

Àwọn kan ni wọ́n wá sí ọ́fíìsì wa, àwọn tó ń gun máṣíìnì ràgàjì-ràgàjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ara àwọn jọ gun máṣíìnì lọ sí Oǹdó, kí àwọn lọ kí àwọn ṣójà àtijọ́ nílé wọn, kí àwọn fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti awò ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní máṣíìnì lè bá wọn lọ. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Ta ló rán wọn? Ṣé kì í ṣe ìbò ló ń bọ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi aṣáájú wọn pé ta ló ń náwó fún wọn. Ó ní àwọn ń dá a láàárín ara àwọn ni. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n. Mo yẹ ẹ̀yìn aṣọ wọn wò bóyá màá rí ojú olóṣèlú kankan. Mo ka ara páálí oògùn bóyá ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, torí kí n lè ká wọn mọ́bi tí wọ́n ti máa ṣe é ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀.

Wọ́n wá ní kí ẹni tó bá ní ṣójà nínú ẹbí gbé àwòrán rẹ̀ dání, ìbáà jẹ́ alààyè, ìbáà jẹ́ òkú. Mo gbé èyí tí ẹ ti dé fìlà ṣójà ní gẹ̀lẹ̀tẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ bi mí pé ọdún mélòó ni Bàbá lò. Mo rò pé ó fẹ́ tọ pinpin ọ̀rọ̀ wa ni, mo ní kò kàn án. Ẹ wò ó! Ká ní mo dá a lóhùn ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dé ibi tó dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo so yín mọ́ iwájú máṣíìnì. Ọlọ́kadà kan tó bá wa lọ já ewé máńgòrò, ó fi há iná iwájú mi. Ó ní kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró ni. Gbogbo nǹkan ni mo fura sí lọ́jọ́ yẹn, àfi ewé yẹn.

A sinmi ní Bọ́lọ́rundúró, a mu omi, a tún gbéra. Bí a ṣe wọ Oǹdó, tí fèrè ń dún, àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà, àwọn obìnrin ń káwọ́ lórí. Mo rò pé iyì ṣójà ni. Inú mi dùn, mo ń juwọ́ sí wọn! Akoto orí mi kò jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè ni wọ́n ń kí mi. Rónkẹ́ tó ń ṣe tísà níbẹ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó rí yín níwájú máṣíìnì, pẹ̀lú ewé bíi ti ọkọ̀ tó gbé òkú. Dípò kó pè mí, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti oko dé tẹ̀yin ti iṣu lórí, ẹ bá èrò tó ń sunkún yín nínú ilé yín, ẹ̀yin náà sì bi wọ́n pé ta ló kú. Bàbá, ẹ dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Màámi kò tíì sọ fún yín. Ilé kẹta tí a dé, ilé bàbá kan tó jẹ́ sájẹ́ǹtì ni. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó gbé àwòrán yín sún mọ́ imú. Ó ní ṣé Jẹ́jẹ́ rèé? Mi ò mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè yín lójú ogun. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń bá gbogbo àwọn kọ lẹ́tà sílé, pé ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ há tòun débi pé ìyàwó òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu òun. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kì í ju "ó dáa" lọ! Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ewé tó ṣì há mọ́ ara àwòrán, ó bú sẹ́kún.

Mo ní ẹ wà láàyè. Ó mi orí. Mo pè yín lójú ẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn yín, ẹ kò gbé e, ìròyìn ti dé ilé ṣáájú mi. Mo tún pè, ẹ pa á. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún arúgbó ní tààrà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣebí ẹ̀yin gan-an lẹ ní ká sọ fún Ìyá àgbà pé àbúrò wọn lọ sí Kútọnu, tí wọ́n ń retí rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Àwọn onímáṣíìnì kò ṣe màgòmágó kankan, mo gbà. Mo ṣì ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lánàá, ọmọ sájẹ́ǹtì pè mí. Ó ní bàbá òun kò jẹun dáadáa mọ́. Sájẹ́ǹtì ti ní kí wọ́n bá òun rán bọ́tìnnì aṣọ ṣójà òun, pé òun ń bọ̀ ní Ṣakí wá kí sàréè yín. Ẹni tí kò lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bùọ̀dá mi fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin ni, sájẹ́ǹtì ní ohùn ọmọdé ni. Ó ní bí Jẹ́jẹ́ bá wà láàyè lóòótọ́, ó máa pe òun ní orúkọ tó ń pe òun nínú kòtò lójú ogun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ orúkọ náà fún mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n má baà lọ kọ́ ẹlòmíì.

Bàbá, ẹ má pè mí. Ẹ lè máa bá mi bínú lọ títí ọdún á fi yí po. Òun ni kí ẹ pè. Nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Màámi, mo sì ti ní kí ọmọ náà máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ láti ìdájí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn láyé yìí àfi ẹ̀yin méjèèjì.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ pẹ́ ju ẹni tó rò pé ẹ ti lọ. Ẹ bá mi kí onígbàjámọ̀ tó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ka èyí, kó gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ yín, kó sì fi fóònù sí i.

Èmi ni ọmọ yín tí kò sin yín,
Àbíkẹ́.