Kọ́nà Kọkànlá Tí Mo Sọ Di Èènì

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ìmọ̀ràn. Ẹni tí ìmọ̀ràn bá wà lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e mì.

Èmi, Alhaja Màríyámọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Shittu, tí ilé mi wà ní Ìkọsí, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì ta ọsàn ní ọjà èso ní Ketu, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ara mi dá, àfi ọrùn ọwọ́ òsì tó ṣì máa ń ro mí tí òjò bá ṣú. Ẹni tó bá rò pé ọpọlọ mi ti ń ṣáko, kó wá bi mí ní iye tí à ń ta àpò ọsàn kan lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Màá sọ ọ́, màá sì fi èrè tí mo jẹ lórí rẹ̀ kún un.

Ìwé kẹta ni mo kà dé. Lọ́yà Fẹ́rànmí ní òun máa bá mi tún un kọ kó lè dùn ún gbọ́. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kó kàn bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo sanwó fún. Òun àti Ajarat ọmọ mi obìnrin ni mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí. Wọ́n máa kà á sétí gbogbo yín ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nígbà tí ojú mi ṣì ń wò yín. Mi ò lè ní kí ẹ dúró dìgbà tí mo bá kú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wúwo jù fún mi láti gbé dé sàréè.

KÌÍNÍ. Ilé mi ní Ìkọsí, kí Abdulrauf ọmọ mi ọkùnrin àti Ajarat pín in bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má tà á. Ààfáà ti ṣàlàyé fún mi pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní ni mo lè fi ṣe ìfẹ́ inú mi fún ẹni tí kì í ṣe ajogún mi. Inú ìdá kan yẹn ni gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ fún Hidayat ti wá, kí ẹnikẹ́ni má sì wá ka ẹ̀sẹ̀ Kùránì sí mi létí.

ÌKEJÌ. Akọ tòlótòló mi, mo fún Abdulrauf. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tó ti pariwo mọ́ mi ní àgbàlá nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ẹyẹ yẹn kò ti jẹ́ kó gba iwájú ilé wọlé mọ́. Kó gbé e lọ sí ẹ̀sítéètì rẹ̀ ní Magodo, kí àwọn méjèèjì parí ìjà wọn níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pa á jẹ.

ÌKẸTA. Ọkọ̀ Kòrólà pupa tó ní nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún lára ilẹ̀kùn, tó wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, mo fún Hidayat, ọmọ Ajarat. Kí ẹnikẹ́ni má tà á. Kí ẹnikẹ́ni má yá a gbé ìyàwó.

Kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, Hidayat, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Anthony, wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé. Ó jókòó, ó ń bó ọsàn fún mi. Ó bó méjì, ó bó mẹ́fà, ó bó títí tí ọsàn inú abọ́ fi tán. Tí ọmọ bá ń bó ọsàn tí ẹnikẹ́ni kò ní kó bó, ó ń wá nǹkan. Mo ní kó pọ̀ ọ́ jáde. Ó ní eré ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ráálì. Wọn kì í sá a lórí títì ọlọ́dà. Ojú ọ̀nà pupa, inú igbó, ni. Ọkọ̀ kan á lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e, aago ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yára jù. Ènìyàn méjì ló ń wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ka ọ̀nà sí i létí. Àwọn tó ń ṣe é, oníṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n, ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo bi í pé kí ni ẹni tó bá yege máa gbà. Ó ní ife. Mo ní èló ni ife náà. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ná wa, kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa má sọ pé a tan òun. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tókúnbọ̀ tí nǹkan ti gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, a rà á ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ọpẹ́ mẹkáníìkì ló fi etí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ní ó dára. Èmi rò pé ó parí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo mọ̀ jù pé owó tí a fi ra ọsàn lóko kọ́ ni ọsàn náà fi ń dé Ketu! Wẹ́dà jó irin sínú ọkọ̀ yípo, kí òrùlé má bàa tẹ̀ mọ́ wa lórí tó bá yí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ bí ọ̀já ìgbọ̀mọ. Àṣíborí méjì. Agolo tí wọ́n fi ń pa iná. Owó ìforúkọsílẹ̀. Ìwé dókítà, tó wo ojú mi títí kó tó fọwọ́ sí i. Epo tí a fi ń kọ́ ọ, mi ò ṣírò rẹ̀, torí ẹ̀rù bà mí. Táyà wá ni baba gbogbo wọn. Ọ̀nà pupa ń jẹ táyà bí ọmọdé ṣe ń jẹ ìrèké.

Mo ta ẹ̀gbà wúrà méjì tí mo rà ní Mẹ́kà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà nínú àpótí, wọn kò gbé mi lọ ibì kankan.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbà. Shittu ọkọ mi ló dé. Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ní Òjótà lọ́dún 1984, lẹ́yìn ìrun àsúbáà, kí èrò tó pọ̀. Mo fi owó ara mi ra píkọ́ọ̀pù, mo ń wà á lọ kó ọsàn wá láti oko. Nígbà tó yá, mo wà á ju Shittu lọ. Àwọn ọkùnrin gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́: Shittu, dúró ṣinṣin o, dẹ́rẹ́bà ẹ ń bọ̀ wá gbé ẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lọ́dún 1986 mo lọ ṣe ogójì ọjọ́ ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Kí n tó dé, ó ti ta píkọ́ọ̀pù mi fún Ọláìyá, onímọ́tò ní gáréèjì Ketu.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mi ò fi bá Shittu sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà. Ewúrẹ́ ni mo ń rán sí i. Màá ní, ewúrẹ́, sọ fún bàbá yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀. Òun náà á ní, ewúrẹ́, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ẹ má ṣì mí gbọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ikú dé bá a lórí ibùsùn, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń yí wọn sọ́tùn-ún, ó ń yí wọn sósì, bí ẹni di sítíárìn mú. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo dárí jì í. Mi ò fi ẹnu sọ ọ́, torí ó mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ Hidayat tó yẹ kó ka ọ̀nà fún un sá, mo ní èmi ni màá jókòó síbẹ̀. Abdulrauf ní, Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Mo ní ikú mọ Ìkọsí, kò dìgbà tí mo bá lọ pàdé rẹ̀ nínú igbó.

ÌKẸRIN. Ìwé kékeré tí mo fi sàmì sí ọ̀nà, tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo fún Hidayat. Ibí yìí gan-an ni ẹrù wà. Kí Lọ́yà kà á sókè dáadáa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n sá eré náà lójú ọ̀nà pupa kan lẹ́yìn Ìmọ̀ta. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n gba àwa tí a fẹ́ sá a láyè láti rin ọ̀nà náà jẹ́jẹ́, kí á sì kọ gbogbo kọ́nà sílẹ̀. Àmì tí mo máa ń fi èédú kọ sára àpò ọsàn ni mo lò. Ìlà kan, ọ̀tún. Ìlà méjì, òsì. Òdo, kòtò. Mò ń kà wọ́n bí mo ṣe ń kọ wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ọjà, ẹ mọ bí a ṣe ń ka ọsàn. Tó bá ti pé mẹ́wàá, a ó ju ọ̀kan lé e fún oníbàárà, a kì í kà á. Èènì ni. Ọwọ́ mi ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì. Mo ka kọ́nà dé ìkẹwàá. Èyí tó tẹ̀ lé e, kọ́nà òsì burúkú tó fara pamọ́ sẹ́yìn òkè kékeré kan, mo wò ó, mo jẹ́ kó lọ, mi ò kọ ọ́. Mo fi ṣe èènì.

Lọ́jọ́ kejì, a ń sáré bọ̀. Eruku bo gíláàsì. Mo ka ìkẹwàá. Mo wo ìwé, mo ní: ó gún, tẹ̀ ẹ́! Ọmọ náà gbà mí gbọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yà sí òsì. Àwa kò yà. A wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko, ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró lórí táyà rẹ̀. Irin wẹ́dà yẹn kò tẹ̀. Olúwa ló ṣe é, wẹ́dà náà sì ṣe é. Hidayat ní, Màmá àgbà, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Mo ní mo wà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní kọ́nà kọkànlá ńkọ́? Mo ní èènì ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣírò ó pé èènì tún wà lẹ́yìn mẹ́wàá mìíràn, pé ìkejìlélógún náà kò ní sí níbẹ̀, ó kọ ọ́ sí i, a sì ń lọ. Mi ò sọ fún un pé ọrùn ọwọ́ mi ti kán. A sá a dópin. Ìkẹtàlá la ṣe, nínú mẹ́tàlá.

Ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n ń fi símẹ́ńtì di ọwọ́ mi, gbogbo yín yí Hidayat ká. Abdulrauf ní, ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa ìyá wa nítorí eré. Ajarat ìyá rẹ̀ ń sunkún. Hidayat wò mí. Èmi wo fáànù òkè. Ó rí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀, ó sì dorí kodò. Ó ní, ẹ má bínú, mo sáré jù ni. Abdulrauf gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù márùn-ún rèé. Gbogbo Sátidé ló ń wá, ó ń bó ọsàn fún mi, kò dárúkọ kọ́nà yẹn. Mi ò lè gbé ọsàn náà mì.

Nítorí náà, mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú lọ́yà: èmi ni mo ṣì í. Hidayat kò sáré jù. Èmi ni mo ní kó sáré. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́, mi ò sì ní pe ìgbéraga ní orúkọ mìíràn. Abdulrauf, dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un ní ọjọ́ Àìkú náà, kí a tó jẹun. Kí o bẹ̀ ẹ́. Èmi ti ń bẹ̀ ẹ́ níbí.

Alẹ́ àná ni mo kọ ìyẹn tán. Ìrun àsúbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí mi, bí oorun náà ṣe dùn tó. Ara mi fúyẹ́ bí àpò tí wọ́n ti da ọsàn inú rẹ̀ sílẹ̀.

ÌKARÙN-ÚN. Jáàkì, sípánà àti àṣíborí méjèèjì, ti Hidayat ni. Ẹni tí yóò jókòó síbi tí mo jókòó, kó má jẹ́ ẹni tó ta ọsàn rí. Owó àjọ mi tó máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀, kó fi forúkọ sílẹ̀ fún eré oṣù kẹfà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi pé mo sá ráálì dópin, Abdulrauf ni kó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Magodo, níbi tí àlejò á ti kọ́kọ́ rí i.

ÌKẸFÀ. Ó ku táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti fàya, wúrà mi sì ti tán. Ṣùgbọ́n mo ní táyà níta. Nígbà tí Shittu ta píkọ́ọ̀pù mi, táyà tuntun mẹ́rin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Shittu kò tà wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí mo ti Abẹ́òkúta dé, tí Ọláìyá wá gbé ọkọ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó fi wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ, pé òun á dá wọn padà ní ọjọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ ọdún 1986 ni.

Lọ́yà sọ fún mi pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní rí nǹkan kan gbà nínú ìwé yìí. Mo ronú, mo ronú, ẹnì kan ló wá sí mi lọ́kàn tó dá mi lójú pátápátá pé mi ò ní fún ní nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n lọ pè é wá.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìkọsí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Màríyámọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Shittu

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ọpẹ́ Ṣóbọ̀wálé, mẹkáníìkì, Ketu.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ràṣídì Ọláìyá, onímọ́tò, Ketu.

Ọláìyá, o ti kà á, o sì ti fọwọ́ sí i. Mi ò gba owó. Táyà mẹ́rin ni mo yá ọ, táyà tuntun mẹ́rin ni kí o dá padà.