Páálí Abẹ́ Ọkọ̀

                                        PK12,
                                        Libreville, Gábọ̀n.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Wàrísù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún yín tó máa ń dùn yín lásìkò òjò ti fara rọ? Ọ̀gá wa, Bàbá Àpèkẹ́, ńkọ́? Mo gbọ́ pé ojú wọn kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n pé wọ́n ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi etí mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Oyún Mutmainah, ìyàwó mi, ti wọ oṣù kẹjọ, ó sì ti sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀ pátápátá.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o: mo tún ti mú sípánà. Èmi tí mo ti ń ta aṣọ láti ọdún mọ́kànlá! Ọkọ̀ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà-kà-kà nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọ́nà, ọ́ìlì jíà sì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Ṣáàfù méjèèjì tó ń gbé agbára láti jíà dé táyà ti jẹ, síìlì tó ń dí ẹnu jíà náà sì ti le gbagidi. Judicaël tó máa ń bá wa tún un ṣe ti lọ sìnkú ní Àjàṣẹ́. Ni Mutmainah bá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní o kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìwó? Àbí irọ́ tí ẹ̀yin ọkùnrin fi ń fẹ́yàwó náà ni?"

Mo gbé ọkọ̀ sórí jáàkì lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé wa. Benoît, aládùúgbò mi, ọmọ Kétu tó ń ṣiṣẹ́ gẹdú ní Owendo, gbé ìtì igi mẹ́rin wá tí a fi tì í lábẹ́ kó má baà já lù mí. Bí mo ṣe di nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ mú báyìí, ohùn Ọ̀gá ni mo ń gbọ́. Mo fa ọ́ìlì, mo yọ ṣáàfù, mo sì yọ síìlì àtijọ́. Mo fi ọ́ìlì pa ẹnu síìlì tuntun, mo fi pátákó lù ú wọlé díẹ̀díẹ̀ yíká, mo wá gbé ṣáàfù tuntun wọlé bí ìgbà tí a ń gbé ọmọ jòjòló, kí eyín rẹ̀ má baà ha rọ́bà. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Ẹ̀yin ì bá ti parí rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ọkọ̀ di ọjọ́ kejì. Òfin Ọ̀gá kúkú ni: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àfi tí páálí bá gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo lápá òsì, kò tó ojú èékánná. Ọjọ́ àyẹ̀wò Mutmainah nílé ìwòsàn ni ọjọ́ náà, ó sì ti wọṣọ. Benoît bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Èyí lásán? Sé bọ́n, ó ti dára, máa lọ." Ọwọ́ mi ti wà lára páálí láti ká a, ni mo bá fi í sílẹ̀.

Nítorí mo ti ká irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ tísà tí ẹ fi síìlì sí nígbà tí Iléyá ku ọ̀tunla? Èmi ni Ọ̀gá ní kí n yẹ páálí wò láàárọ̀. Mo rí ọ́ìlì lórí rẹ̀. Ojú ń kán mi láti lọ sílé ọdún, mo ká a, mo jù ú síná, mo ní gbígbẹ ni. Ká ní mo fi hàn yín, wákàtí kan lẹ máa fi tún un ṣe. Jíà ọkọ̀ náà gbẹ, ó sì gan lọ́nà Ìbàdàn. Ọ̀gá ní ọwọ́ yín kò tíì múná, wọ́n sún fíríídọ̀mù yín síwájú ní ọdún kan gbáko. Wọ́n tilẹ̀ ní páálí gan-an ti ń purọ́. Mo dúró níbẹ̀, n kò lanu. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ẹ̀yin náà lẹ sìn mí dé gáréèjì, ẹ sì ra búrẹ́dì fún mi. Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ni mo gbé búrẹ́dì yẹn fún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún tó fi bá mi lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní kí Mutmainah wọ takisí. Ó kùn títí ó fi dé títì. Mo tún gbé ọkọ̀ sókè, síìlì apá òsì ló wọ́ díẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí. Páálí tuntun gbẹ lọ́jọ́ kìíní, ó gbẹ lọ́jọ́ kejì. Lánàá mo wà á dé Akanda, mo sì padà láìgbọ́ kà-kà kankan. Mẹ́káníìkì ni Mutmainah ń pè mí báyìí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ kí Àpèkẹ́, ẹ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí n kò tíì mọ̀. Zulaikha tí ìsọ̀ wa jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, torí n kò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Ẹ dárí jì mí. Ọdún kan tí mo gbà lọ́wọ́ yín, n kò ní ohun tí mo lè fi dá a padà. Mo gé díẹ̀ lára páálí gbígbẹ náà sínú àpòòwé yìí. Ẹ mú un lọ bá Ọ̀gá, kí wọ́n fọwọ́ pa á, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹ wá sọ fún wọn, níṣojú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, pé páálí kò purọ́ lọ́jọ́sí. Fuad ló purọ́.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ra búrẹ́dì fún,
                                        Fuad.