Irin Ààbò Ilé Bọ̀dá

“Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó o kọ, má fi ọ̀rọ̀ tìẹ kún un!”

Ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́ mi nìyẹn. Inú ìwé tèmi ni mo kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà wọn sí, tó bá yá màá dà á kọ sínú bébà tó mọ́, èyí tó máa lọ bá Bọ̀dá nílùú ńlá. Ohun tí wọ́n sọ rèé.

Ọkọ mi, ọmọ mi tó ń yan búrẹ́dì fún odidi ìlú, ṣé iná ààrò ò tíì jó irun apá rẹ tán? Ọwọ́ rẹ ò ní jóná, ìyẹ̀fun ò ní kó sí ẹ lójú, ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ bú ẹ, ohùn á há a lọ́fun. Àwa náà wà. Àgbébọ̀ dúdú ti pamọ, ṣùgbọ́n ajá ilé kejì ti ń kó wọn jẹ nítorí ilé adìẹ ò nílẹ̀kùn. Àbúrò rẹ tó ń kọ̀wé yìí ń fajú ro mọ́ mi.

Mi ò fajú ro. Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ mi, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ìjọ́sí tí mo ń ṣàdúrà fún ẹ lọ́wọ́, ló bá já lu ọ̀rọ̀, ó ní owó mi ti tán. Ta ló sọ fún un?

Mo gbọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé onílé yín fẹ́ mú ààbò kúrò nílé yẹn, pé ó ń gbé ìwé kiri kí ẹ̀yin ayálégbé fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i, wọ́n á kun yàrá rẹ̀ lọ́dà. Irin ojú fèrèsé tí kì í jẹ́ kí olè wọlé yẹn náà kọ́? Ọmọ mi, fọwọ́ sí i. Kí ni olè fẹ́ rí jí ní yàrá rẹ? Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Kó o bẹ onílé kó fún ẹ ní irin náà, kó o fi ránṣẹ́ sí mi, màá fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ní ti lọ́yà obìnrin tẹ́ ẹ rí lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, tó ní òun máa gbèjà yín láì gbowó, tó ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan, ṣọ́ra. Ẹja tí ẹlẹ́ja bá fi ta mí lọ́rẹ, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gbà á.

Màmá ò jẹ́ kí n ka ojú kejì lẹ́tà Bọ̀dá fún wọn, wọ́n ní ó ti yé àwọn, ni mo bá dá a kà. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ààbò yẹn kì í ṣe irin, òfin ni. Òun ni kì í jẹ́ kí onílé fowó lé owó ilé bó ṣe wù ú, tàbí kó lé èèyàn síta. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé onílé, òfin ò dáàbò bò ó mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n onílé ń lérí, ẹ̀rù sì ń ba Bọ̀dá, ó ní ohun tí Màmá bá sọ ni òun máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe. Bàtà tí Màmá bá yàn fún un ló ń wọ̀, bó tilẹ̀ ń ta á lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ni wọ́n fi jágbe mọ́ mi.

Yàrá yẹn sì ni mo fẹ́ lọ máa gbé lẹ́yìn ìkórè, kí n lè kọ́ṣẹ́ télọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn Bọ̀dá tó bẹ́ẹ̀, ahun ni, ó máa ń gé ọṣẹ fún èèyàn bí oògùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé e, ibí ló máa padà sí, àwa méjèèjì á sì jọ máa gbọ́ bí Màmá ṣe ń hanrun.

Tó o bá ń fi irin ránṣẹ́, fi owó díẹ̀ há a láàárín, ti ìṣó àti ti káfíńtà. Ilé tó o bá wọ̀ ò ní lé ẹ jáde. Èmi ni, ìyá rẹ.

Àdúrà yẹn, mi ò ní yọ nǹkan kan níbẹ̀. Owó náà á wà. Ṣùgbọ́n ẹja, afẹ́fẹ́ àti irin á jábọ́ sọ́nà, níbi tí wọ́n sì ti ní “fọwọ́ sí i”, màá fi “má” kékeré kan síwájú rẹ̀. Kò gba àyè. Tí wọ́n bá ní kí n kà á sókè, màá kà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí àwọn adìẹ ṣe sùúrù. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan.