Bí Mo Ṣe Di Ẹni Ọdún Mọ́kàndínláàádọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Oṣù mẹ́rin pé lónìí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ gẹ́ètì ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ lójú ọ̀nà Erunmu níbí. Wọ́n ti ra gẹ́ètì tó ń ṣí ara rẹ̀. Kì í kí èèyàn, kì í béèrè àlàáfíà ìyàwó ilé, kì í fi dẹ́rẹ́bà ṣe yẹ̀yẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ó dáa.

Lateef ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló là mí lóye. Ó ní wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi kó síbì kan fún ìfẹ̀yìntì, àti pé ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tí ì pé àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin, lè lọ gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Ojú Mùjíbátù ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Ọ̀tún ti ṣú pátá, òsì ń tẹ̀lé e bọ̀. Dókítà ní nǹkan funfun ló bò ó, àwọn á yọ ọ́, á ríran. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àdúrà nìkan yọ ọ́. Lánàá ó bu iyọ̀ sí tíì mi. Mo mu ún. Mo ní ó dùn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù — ọjọ́ orí mi. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ yẹn, wọn ò gba ẹni tó ti kọjá ogójì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Mo lọ sí kóòtù, mo búra pé méjìdínlógójì. Akọ̀wé wo orí mi, ó wo ìwé, ó lu òǹtẹ̀. Ogún ọdún péré ni mo jí. Nítorí náà lónìí, níwájú Ọlọ́run, mo jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rin. Nínú ìwé, mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọ̀dọ́ ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó náà ní Ìbàdàn. Obìnrin kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ wa, Olúyínká. Gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi bíi fèrèsé mọ́tò. Àǹtí Gíláàsì ni mo sọ ọ́.

Bí mo ṣe yọjú, ó dìde, ó ń kúnlẹ̀ lọ, ó ní ẹ káàárọ̀ sà. Ló bá tajú kán rí ìwé mi. Orúnkún rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni òun. Orúnkún padà sókè.

"Sàníù," ó ní, "jókòó síbẹ̀."

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó. Mo ní ẹ ṣeun, Àǹtí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òun ra bọ̀ọ̀lì. Mo lọ. Mo bi í bóyá kí wọ́n fi ẹ̀pà sí i. Nígbà tí mo gbé e dé, mo ní kó bá mi wá ìyàwó, pé ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tèmi kò yẹ kó máa dá rìn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹbí mi kan sí fọ́ọ̀mù, kí n wá ẹgbẹ́ mi kan tí yóò jẹ́rìí pé mi ò ríṣẹ́, òun á wá wò mí nílé fúnra òun.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 7 Fẹ́búárì

Mo kọ Lateef sí fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ẹní — ọmọ ọdún méjì ni mí tí mo fi bí i. Akínkanjú ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìyẹn. Mo bá kọ ọ́ pé àbúrò mi ni.

Mo pè é lórí fóònù kó má baà tú mi fó. Ó ní, "Bàbá, ta wá ni bàbá mi?"

Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Mo ra dáì dúdú. Orí, irùngbọ̀n, ìpéǹpéjú. Ewúrẹ́ mi sá fún mi.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 14 Fẹ́búárì

Mo ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, dáì ń ṣàn lọ sórí jalamíà funfun. Lèmọ́mù ní kí n lọ fọ ara mi. Mo ní ìdọ̀tí kọ́, ọdún ló ń ṣàn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Ọlọ́runṣògo ni ẹlẹ́rìí mi, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́: má sọ iye kankan, ṣáà ti sọ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ó ní ìyẹn ò le.

Mo ní kí Mùjíbátù náà gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun ò ní purọ́ nítorí ojú, kí Ọlọ́run má baà gba ẹnu náà mọ́ ọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìrókò lọ́jọ́bọ̀ tí Àǹtí Gíláàsì ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Tàbí ó ti dára.

Àǹtí Gíláàsì dé. Láti ọjà títí dé mọ́ṣáláṣí ló ń béèrè Sàníù. Ta ló mọ Sàníù ní Erunmu? Ta ló jẹ́ dá orúkọ àgbà pè? Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní háà, Bàbá Lateef nìyẹn, wọ́n sì mú un wá.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó bi mí ṣé Lateef tí mo pè ní àbúrò yìí náà ni wọ́n fi ń pè mí. Mo ní èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Ọlọ́runṣògo bá dé. Mo ti gbàgbé ohun kan: ẹni tó bá pe ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́ mi, wọn á wo òun náà. Ọ̀pá lọ́wọ́, orí funfun bí òwú, eyín iwájú ò sí mọ́. Ó ní ẹgbẹ́ ni wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọlà fún wa, oṣù mẹ́ta péré lòun fi jù mí lọ. Àǹtí bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. Ó wò mí. Mo wo adìyẹ.

Ó ní, "Mọ́kàndínláàádọ́ta. Àti oṣù mẹ́ta."

Àfi bí ilẹ̀kùn yàrá ṣe dún. Mùjíbátù. Kò lọ sí Ìrókò rárá. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ní ọkọ òun jẹ́. Wọ́n sọ fún un.

"Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí," ó ní. "Ṣé mo pọ̀n ọ́n wọlé ọkọ ni?"

Mo bá jẹ́wọ́ — kóòtù, òǹtẹ̀, dáì, gbogbo rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ àtìmọ́lé ni, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa fa ìyàwó mi lọ́wọ́ dé ibi omi.

Àǹtí Gíláàsì yọ gíláàsì. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, orúnkún méjèèjì. "Ẹ̀yin bàbá yìí," ó ní, "mo rán yín ní bọ̀ọ̀lì."

Ó wá sọ ohun tó mú mi jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá àádọ́ta kì í dúró de oṣù mẹ́rin. Bí owó rẹ̀ bá sì kéré bíi tèmi, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kó fún un, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin. Kí n ṣáà lọ tún ọjọ́ orí mi ṣe níbi tí mo ti bà á jẹ́.

Ara mi ni mo ń jà lólè láti ọjọ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Mo lọ sí kóòtù, mo ń retí ọlọ́pàá. Akọ̀wé àgbà bá mi wí bí ọmọdé, mo dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn yòókù wá wò mí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà níbẹ̀, èrò ń wá gé ọjọ́ orí kù. Èmi lẹni àkọ́kọ́ tó wá bù kún un.

Mo búra. Mo jáde. Ogún ọdún wúwo léjìká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Épírì

Owó ò tí ì dé. Mùjíbátù kí àpótí ìjókòó pé ẹ káàárọ̀, ó ń dúró kó dáhùn. Mo bá a dáhùn.

Ọjọ́rú, 30 Épírì

Ó dé! Àǹtí Gíláàsì fúnra rẹ̀ ló pè. Ó pè mí ní "Bàbá" lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo kà á.

Ọjọ́bọ̀, 8 Méè

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Wọ́n ní kí n dúró níta. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ara mi ò yá.

Ọjọ́ Ajé, 12 Méè

Ó ń ríran. Ọlọ́run ṣeun, ó ń ríran kedere.

Ó kọ́kọ́ wò mí pẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, kò sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín títí di báyìí. Ó wá bojú wo àgbàlá. Láti ìgbà náà ni mi ò ti jókòó. Ó rí jàǹkárìwọ̀ lájà. Ó rí ìdí ìkòkò tí mo ní mo ti ń fọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó rí ibi tí mo máa ń da omi ìdọ̀tí sí. Mo ti gbálẹ̀, mo ti ha ìkòkò, mo ti roko ẹ̀yìnkùlé, oòrùn ò tí ì dé àárín ọ̀run.

Ọlọ́runṣògo kọjá, ó bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́. Mo ní kó yára máa lọ, kí Mùjíbátù má baà rí òun náà.

Ó tún ń pè mí. Eruku wà lójú fèrèsé.