Bí A Ṣe Retí Orúkọ Àbíbátù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti padà sí Ìwó, tí mo dúró sẹ́nu géètì tí mo ń wo ẹ̀yìn yín títí ẹ fi yà sí ọ̀nà Ilo-Awela, nítorí pé opó kò jẹ́ kí n sìn yín dé ibi ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ níbí yìí, mo kí yín. Mo kí Gàníyù àbúrò mi, mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń bá yín pọn omi, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé wíwú orúnkún yín ti ń lọ sílẹ̀? Ṣé ẹ ń fi òróró tí mo dì sínú báàgì yín pa á? Ẹ má fi pamọ́ o. Òróró ni, kì í ṣe aṣọ Iléyá.

Tí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ máa ń bú sẹ́kún kí n tó sọ̀rọ̀, èmi náà á bá yín sun ún, káàdì á tán, a ò ní tíì sọ ohun tí mo torí rẹ̀ pè. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Mo sì ti gbà kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn mọ́ṣáláṣí wa tẹ̀ ẹ́ síta, nítorí pé àwọn òbí tí ọmọ wọn ń retí fásitì pọ̀ ní Ṣàngó Ọ̀tà yìí, ara kò sì rọ ẹnì kankan nínú wa. Gàníyù ni yóò kà á fún yín. Gàníyù, mo mọ̀ ọ́ dáadáa, má fò lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Òjò àrọ̀kúrò kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀nà àdúgbò wa ti di ẹrẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kò wọ inú rẹ̀ mọ́, wọ́n ní ọ̀kadà làwọn rà, àwọn kò ra ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n jókòó títí opó yóò fi pé, pé àyè mi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń gé etí abọ́ ike máa ń yà kí mi tí wọ́n bá parí iṣẹ́ àárọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ń béèrè mi. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí i. Tí wọ́n bá lọ tán, ilé á tún dákẹ́. Àárọ̀ ló burú jù, nítorí pé àárọ̀ ni Bàbá Àbíbátù máa ń pariwo kiri ilé, tó ń wá awò dúdú tó fi ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, awò náà á sì wà ní iwájú orí rẹ̀. Mo ṣì máa ń fẹ́ dá a lóhùn.

Ẹ rántí pé kí ẹ tó lọ, Àbíbátù kì í jẹun dé ìdí àwo mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, fásitì tó sì yàn kì í gba ènìyàn púpọ̀. Ó ní àwọn tó wá ṣe ìdánwò pọ̀ bí èrò ibùdókọ̀ Tóògéètì ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí wọn yóò mú kò sì ní kún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ, ló jókòó sábẹ́ igi dè é títí ó fi jáde. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí a lọ fọkàn balẹ̀, pé òun ti wo ojú àwọn ọmọ yòókù, kò sí èyí tó mọ̀wé tó tiwa. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, ọmọ yìí ń retí ìròyìn tí kò sí ẹni tí yóò sáré lọ sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìgbà tí ẹ lọ, Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Agbára, wá kí wa. Ó ní òun ti rí àyè fún Àbíbátù níbi iṣẹ́ òun, níbi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ yóò máa gbé e ní Tóògéètì láràárọ̀. Ó ní ta ni yóò sọ pé fásitì kò dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ìrètí sebẹ̀. Ó dá ọjọ́ Mọ́ńdè kan fún wa. Ó ní tí orúkọ ọmọ kò bá jáde kó tó di ọjọ́ náà, kó wọ iṣẹ́, ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Àbíbátù ní òun ti gbọ́, ẹ ṣeun sà. Ó wọ bàtà iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n Múfú rà wá fún un wò, ó ní kò fún òun. Ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí di àsìkò ìrun.

Ìyá mi, Ẹ̀gbọ́n Múfú kò sọ ohun búburú. Òun ló ra aṣọ tí a fi sin àbúrò rẹ̀, òun náà ló gbọ́ bùkátà àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọdún kan péré ni èmi náà sọ fún yín pé mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà kí n tó padà wálé wá wọ ilé ìwé olùkọ́ni. Owó oṣù máa ń dùn lọ́wọ́ ọmọdé. Ọdún kan náà ni mo ṣì ń lò.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú òpó fásitì lórí fóònù. Nọ́ńbà ìdánwò àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i. Màmá Ìdòwú, aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, gba méjèèjì lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun kò ní jẹ́ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí nìkan gba ògo rẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi náà gbà á. Onílé gbà á. Ẹ mọ bí àgboolé ṣe rí, olúkúlùkù ló fẹ́ kí ẹnu òun ni a ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Èmi náà rò pé ìfẹ́ kì í pọ̀ jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò pe Àbíbátù pé orúkọ ti jáde. Ó sáré mú fóònù. Kò ṣí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí a fi ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ gbìyànjú ti pọ̀ jù, àwọn ti tì í. Tó bá fẹ́ kí àwọn ṣí i, àwọn yóò fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀. Fóònù bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí fóònù yẹn wà. Ìṣojú yín ni àwọn ẹbí ṣe kó gbogbo ohun tó ní, títí dé fìlà àti bàtà, sínú àpótí irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, tí wọ́n tì í, tí kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Múfú títí di ọjọ́ tí àlùfáà yóò pín ogún. Màmá Ìdòwú ní kí a pe wẹ́dà ẹgbẹ́ Bàbá Àbíbátù kan kó wá gé àgádágodo, pé Ọlọ́run kì í bínú sí wẹ́dà tó ṣí àpótí wẹ́dà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Opó tó bá ṣí àpótí ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó pín ogún, orúkọ tí wọn yóò fún un kò ní tán lára rẹ̀ láyé. Ó wá ku kí n pe ẹni tó bá ọmọ wa wá iṣẹ́, kí n sọ fún un pé kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá, kí ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó bá a wá. Mo pè é. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní òun ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ẹrẹ̀ Ilo-Awela sì ti mù ún dé orúnkún. Mo rò pé yóò bínú. Ó kọ omi, ó ní kí Àbíbátù sọ ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù fún òun gẹ́lẹ́. Bí ó ṣe gbọ́ pé ìgbà tí a gbìyànjú ti pọ̀ jù, ó gbé ojú sílẹ̀. Ìyá mi, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ni. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìgbà tí àwọn bá jáde lọ jẹun níbi iṣẹ́ ni òun ń gbìyànjú láti ṣí i. Nọ́ńbà ìdánwò wà lọ́wọ́ òun, Làtífù àbúrò òun ló fún òun nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà. Òun ti fi orúkọ Làtífù gbìyànjú, òun ti fi ti ìyá wọn, òun ti fi ti Àbíbátù, kódà òun fi orúkọ àgbò kan tí àwọn méjèèjì jọ sìn ní kékeré. Mo bi í pé kí ló dé tí kò béèrè. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ ṣáájú wa, pé tí kò bá dára, kó jẹ́ pé ẹnu òun ni a ó ti gbọ́ ọ, kí ọmọ má dá nìkan kà á.

Màmá Ìdòwú tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní háà, bàbá, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin náà lẹ tún mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú yàrá yẹn nìyẹn láti ọjọ́ tí Bàbá Àbíbátù ti ṣubú.

Ó pe onílé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó ṣe bisimílà, ó ṣí àpótí. Òórùn aṣọ Bàbá Àbíbátù tú jáde. Fóònù ti kú, iná kò sí, ni onílé bá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, onílé tí kì í tàn án nítorí bọ́ọ̀lù pàápàá. Nígbà tí nọ́ńbà wọlé, Àbíbátù gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ṣí.

Wọ́n gbà á, Ìyá mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Gàníyù, dúró díẹ̀ níbí, jẹ́ kí wọ́n sunkún wọn.

Àbíbátù kò pariwo. Ó gbé ojú lé èjìká Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọkùnrin tí kò sunkún lójú sàréè àbúrò rẹ̀ sì sunkún níṣojú gbogbo wa. Màmá Ìdòwú ló bá wa pariwo. Ilé ọ̀fọ̀ ni ilé wa, nítorí náà, àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, wọ́n ti ń kí mi kú ara fẹ́ra kù kí wọ́n tó gbọ́ pé ayọ̀ ni. Ìyá arúgbó kan nínú wọn ní kò burú, kí n gba ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Owó ilé ìwé ṣì wà níwájú, ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Múfú ní wọn kò ní ta ẹ̀rọ wẹ́dà Bàbá Àbíbátù, a ó fi í yá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tó bá wọlé lórí rẹ̀ yóò jẹ́ ti fásitì. Ó pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Agbára níṣojú mi, ó ní kí wọ́n fi ọmọ Màmá Ìdòwú rọ́pò Àbíbátù. Ó ti àpótí padà, ṣùgbọ́n ó fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní àlùfáà ti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí nọ́ńbà yẹn ni fásitì yóò ti máa bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí kí ẹ fojú rí i nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì. Orúnkún yín yóò gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ kò ní sunkún ọmọ lẹ́yìn èyí tí ẹ sun lórí ọkọ ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tó wá bá mi sin ọkọ mi, ẹ ní mo dúpẹ́. Àbíbátù ní kí ẹ máa retí òun lẹ́yìn tí opó mi bá pé.

Títí ọmọ yìí yóò fi jáde ní fásitì, màá máa fi káàdì sí láìnì bàbá rẹ̀ lóṣooṣù, n kò ní jẹ́ kí iléeṣẹ́ fóònù gbà á fún ẹlòmíràn.

Èmi ni ọmọ yín ní Ọ̀tà,
Sàlámọ̀