Kẹ́hìndé Kò Tíì Dárúkọ Ara Rẹ̀

Ilé Ògúnníyì,
Ìgbó-Ọrà.

Àríkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo sì tún kí ọ nígbà tí mo jókòó tán. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá tí o wà yẹn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, Ògún tí bàbá mi bọ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò dá lójijì, àgbàdo tí mo gbìn sí ọ̀nà Ìdèrè gbẹ lórí ìdúró, orúnkún òsì mi kò sì gbà kí n lọ wò ó mọ́. Ilé dákẹ́ látìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Nínú àwọn ìbejì rẹ méjèèjì, Táíwò nìkan ló ń sọ̀rọ̀, Kẹ́hìndé ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́dún kẹta sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì, o lè gbọ́ ìdajì kí o sì bínú sí ìdajì yẹn.

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Kẹ́hìndé má wá mọ́, pé ó máa ń di etí, á sì figbe ta bí wọ́n bá ti lu agogo, tí o wá fi ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ránṣẹ́ pé kí n fi kọ́ ọ nílé, inú mi dùn. Dókítà ti sọ pé ọ́tísíìmù tó ń ṣe é kò ní abẹ́rẹ́. Mo ní bí kò bá ti ní abẹ́rẹ́, a jẹ́ pé ìwé yìí ni oògùn rẹ̀, ìjọba sì ti kọ bí a ó ṣe máa lò ó síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ra rẹ́jísítà. Mo lu irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ilé-ìwé wọlé, ọmọ sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ọ̀sán pọ́n kí n tó rí i, látọjọ́ náà ilé-ìwé tiwa kò ní agogo. Ìwé náà tún ní kí olùkọ́ lo àwòrán àti kọ̀ǹpútà, mo bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ gba tiwa. Akọ̀wé kan níbẹ̀, Rosaline, tí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, béèrè pé ilé-ìwé wo. Mo ní ilé-ìwé Ògúnníyì, olùkọ́ kan, ọmọ kan, mo sì bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń san owó oṣù fún àwa olùkọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó wá ṣí rẹ́jísítà, tó rí i pé ojoojúmọ́ ni mo kọ ọ́ pé ọmọ wà, ló fún mi ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni ìṣòro wà. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ara rẹ̀. Mo bi Kẹ́hìndé láàárọ̀, mo bi í nírọ̀lẹ́, ẹ̀kúrọ́ ló ń tò ní tirẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò, èyí tó tóbi lẹ́yìn èyí tó kéré, kò sì gbójú sókè. Ìjọba kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ọ̀sẹ̀ kìíní kò bá parí. Ẹ̀rù bà mí láti fo ojú ìwé, kí n má lọ fún ọmọ ní oògùn ọ̀la lónìí. Oṣù méje la lò nínú ọ̀sẹ̀ kìíní, Àríkẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lo ń pè, ò ń béèrè bóyá ó ti sọ nǹkan. Nígbà tí o wá ní kí n fi fídíò ránṣẹ́, mo pe Tàófíìk tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, mo sì wọ aṣọ Kẹ́hìndé fún Táíwò, ojú wọn kò kúkú yàtọ̀. Táíwò kọjú sí fóònù, ó ní Kẹ́hìndé lorúkọ òun, ọmọ ọdún méje lòun. Tàófíìk ní Bàbá, Táíwò mà nìyí. Mo bi í pé ṣé Ìgbó-Ọrà ni wọ́n bí i sí lóòótọ́. Bí a bá ra bàtà fún Táíwò, a ó ra ti Kẹ́hìndé, bí a bá se ẹ̀wà fún ọ̀kan, èkejì ti jẹ nínú rẹ̀, kí ló wá dé tí ẹnu ọ̀kan kò fi lè jẹ́ ẹnu èkejì? Lójú mi lọ́jọ́ náà, kì í ṣe irọ́. Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé ó yege, mo buwọ́ lù ú, a sì ṣí ìwé sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Àfi bí o ṣe pè padà tí ò ń rẹ́rìn-ín, tí ò ń sunkún ayọ̀, pé o ti fi fídíò náà han ilé-ìwé kan ní Àbújá, pé wọ́n ti gbà á, pé ìparí oṣù yìí lo ń bọ̀ wá mú un. Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Lánàá ni Táíwò wá bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó bi mí pé ṣé wọ́n máa ń na ọmọ tí kò bá dárúkọ ara rẹ̀ ní Àbújá. Mo ní wọn kì í nà án. Ó ní ta ni yóò wá máa bá Kẹ́hìndé dárúkọ níbẹ̀? Mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ láìbó, mo lọ wá ìwé tí n ó fi kọ lẹ́tà yìí sí ọ.

Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Kẹ́hìndé kò tíì dárúkọ ara rẹ̀ rí, kò sì tíì pe èmi náà rí. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ gbẹ̀yìn, nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbà á lẹ́nu rẹ. Ojú ń tì mí. Má bínú sí Táíwò, bísíkíìtì ni mo fi bẹ̀ ẹ́, méjì ni mo sì rà, Kẹ́hìndé náà jẹ tirẹ̀.

Máa bọ̀ bí o ṣe sọ, ṣùgbọ́n má tíì ra aṣọ ilé-ìwé. Bá mi wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ yìí, kó wá fi han èmi náà, torí ìwé ìjọba kò mọ Kẹ́hìndé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, bàtà àwọn ìbejì ti ya, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, orúnkún mi náà ń fẹ́ òróró.

Orí rẹ á gbè ọ́. Ọmọ méjì tó yà sọ́dọ̀ rẹ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bí o bá wọlé, tí o pe Kẹ́hìndé, tí kò bojú wẹ̀yìn, Olódùmarè má jẹ́ kí ojú rẹ korò. Ayọ̀ tí o fi wo ọmọ inú fídíò yẹn, kí Ó bá wa ṣẹ́ díẹ̀ kù lọ́kàn rẹ fún èyí tí kò sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnníyì.